Ilé Ni A Ti Ń Kọ́ Ìwé Kíkà
Ọ̀rọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú Kàdúná

 

Ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ wa rán mi wá sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Mo fẹ́ kí a jọ wo bí ọmọ wa yóò ṣe mọ ìwé kà nínú ilé wa, tí ìwé kíkà yóò sì dùn mọ́ ọn, kí a tó fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́ àti lẹ́yìn tí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara mi.

Ọmọ mi ọkùnrin wà ní kíláàsì kẹta ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó ń gbé ìwé rẹ̀ jáde, tí ó sì ń kà á geere bí ẹni tí ń ka ìròyìn lórí rédíò. Èmi tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní yunifásítì, tí iṣẹ́ mi sì jẹ́ láti máa la ará ìlú lọ́yẹ̀, inú mi a dùn, n ó sì máa ka ìwé ìròyìn tèmi lọ. Ní ọjọ́ kan, ìyá mi wá kí wa láti ilé. Ìyá mi kò fi ẹsẹ̀ kan ilé-ẹ̀kọ́ rí. Ó jókòó ti ọmọ náà, ó ń gbọ́ bí ó ti ń kàwé. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó pè mí, ó ní: "Àkànní, ǹjẹ́ ìwé yìí ni ọmọ yìí ń kà? Ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé láti àárọ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró."

Mo gba ìwé náà. Mo ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta kọ láti ojú ìwé kan náà sórí tákàdá, mo ní kí ó kà wọ́n fún mi. Kò lè ka ẹyọ kan. Gbogbo ìwé náà ni ó ti há sórí láti inú ohùn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè tẹ̀lé olùkọ́. N kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ yìí fi ń kàwé létí mi, ìyá tí kò mọ̀wé ni ó sì rí ohun tí èmi tí mo mọ̀wé kò rí. Ìdí rẹ̀ ni pé òun ni ó jókòó tì í.

Bí ọ̀ràn ti rí

Ẹ má ṣe rò pé ilé mi nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àjọ UNICEF kéde pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 14, 75 ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò tí ó rọrùn. Kì í ṣe àwọn ọmọ tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni a kà. Púpọ̀ nínú wọn ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń gbé báàgì kọ́ èjìká ní àràárọ̀.

Ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, ẹ kò ní gbàgbé ọdún 2017. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná ṣe ìdánwò fún nǹkan bí 33,000 olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórí iṣẹ́ tí ó yẹ kí ọmọ kíláàsì kẹrin mọ̀. Àwọn tí ó kùnà ju 21,000 lọ. Ìjọba ti gba àwọn olùkọ́ mìíràn láti ìgbà náà, kì í sì í ṣe láti bú àwọn olùkọ́ ni mo ṣe mẹ́nu bà á. Olùkọ́ rere pọ̀ ní ìlú yìí, àwọn tí ń kọ́ ọmọ púpọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí òbí má ṣe ka sísan owó ilé-ẹ̀kọ́ sí òpin iṣẹ́ rẹ̀. Òfin ètò ẹ̀kọ́ gbogboògbò ti ọdún 2004 ti fi dandan lé e pé kí òbí rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ títí yóò fi parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Òfin lè mú kí ọmọ dé ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ó fẹ́ràn ìwé.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa tí a wà ní òkè Ọya ju àwọn ará ilé lọ. Láti ọdún 1977 tí ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ gbé ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde ni ó ti wà níbẹ̀ pé èdè abínibí ọmọ, tàbí èdè àdúgbò rẹ̀, ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìlànà yìí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó yí, èdè àdúgbò ní Kàdúná, Haúsá ni. Ọmọ wa yóò gbọ́ Haúsá ní ọjà àti ní ìgboro, yóò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì. Bí ó bá máa ka Yorùbá, inú ilé wa ni yóò ti kà á. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wa ṣe é.

Àwọn kan yóò béèrè pé, kí ni ọmọ yóò fi Yorùbá jẹ? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wá iṣẹ́. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì ti ní ìdáhùn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ kejì, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn, kí wọ́n tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn tí ó lo Yorùbá fún ọdún mẹ́fà ni ó ṣe dáadáa jù. Wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Ìwé kíkà jẹ́ ọgbọ́n kan: kí ọmọ mọ̀ pé àmì tí ojú rí dúró fún ìró tí etí mọ̀. Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní. Ohun tí a bá kọ náà ni a ń pè. Bí ọmọ bá ti mọ b, tí ó mọ a, ó ti mọ ba. Bí ó bá mọ fáwẹ̀lì méje, ó ti mọ ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Lẹ́yìn èyí ni àmì ohùn yóò fi hàn án pé igba kì í ṣe igbá, bẹ́ẹ̀ ni igbá kì í ṣe igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kan a máa yí ìró padà láti ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn, ọmọ tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kò lè mọ̀ bóyá ohun tí òun pè ní ìtumọ̀. Ó di dandan kí ó há a sórí, bí ọmọ tèmi ti ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń kọ́ ọgbọ́n ìwé kíkà. Bí ọmọ bá fi èdè tí ó gbọ́ kọ́ ọ, yóò gbé e wọnú Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì gbé e wọnú Haúsá.

Mo fi Haúsá kún un tọkàntọkàn. Ọmọ wa tí ó lè ka èdè aládùúgbò rẹ̀ kò ní jẹ́ àlejò ní ìlú tí a bí i sí. Ìlú yìí ti rí ìjà, a sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ àhesọ lè dá sílẹ̀. Ẹni tí ó lè ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò, kì í yára fi iná irọ́ ran ẹlòmíràn.

Àwọn tí ó ṣáájú wa

Ìwé kíkà kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. A kọ ọ́ nínú ìtàn ayé rẹ̀ pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, bí ó ti jáde ni ó sáré wọ ìgboro, ó tọrọ owó kékeré lọ́wọ́ ará ìlú rẹ̀ kan, ó sì fi ra páálí àbídí fún ara rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Nígbà tí ó di ọdún 1843, òun fúnra rẹ̀ ti tẹ ìwé jáde lórí èdè Yorùbá. Ẹ kíyè sí i pé ìfẹ́ ni ó ṣáájú. Kò sí ẹgba lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ó ń tọrọ owó páálí.

Wole Soyinka náà kọ ọ́ sínú ìwé Aké, tí ó jáde ní ọdún 1981, pé òun kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí òun fi kó ìwé lórí tábìlì bàbá òun, tí òun sì tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí kò bá sí ìwé lórí tábìlì, kí ni ìbá kó? Ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ òbí ni ó ń fẹ́ dì mú.

Kí a sì má gbàgbé ilẹ̀ tí a wà. Ní Sáríà, nínú ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń túmọ̀ ìwé ti ṣe ìdíje ìwé kíkọ ní èdè Haúsá ní ọdún 1933. Láti inú rẹ̀ ni Ruwan Bagaja ti Abubakar Imam ti jáde, àti Shaihu Umar tí Abubakar Tafawa Balewa kọ, ẹni tí ó di olórí ìjọba Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1938, Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọ̀dọ̀ tiwa. Ní ọdún 1939, ìwé ìròyìn Gaskiya Ta Fi Kwabo bẹ̀rẹ̀ ní Sáríà. Nínú ọdún mẹ́fà péré, àwọn ènìyàn ìhà méjèèjì ti rí ìtàn kà ní èdè tí wọ́n fi ń lálàá. Ogún ni èyí jẹ́ fún ọmọ Yorùbá tí a bí ní Kàdúná, láti ọ̀tún àti láti òsì.

Ohun tí òbí lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín kì í ti ọjà dé títí aago mẹ́jọ alẹ́. Mo mọ̀ pé iná kì í sábà sí. Ìṣẹ́jú 15 péré ni mò ń bẹ̀ yín fún ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ọmọ tó sùn. Àtùpà tí a fi ń ka owó ọjà tó láti fi kàwé. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ ní ọjọ́ tí ìdánwò bá kù ọ̀la.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àlọ́. Etí ni ó ń ṣáájú ojú. Ọmọ tí ó ti gbọ́ bí Ìjàpá ti ṣe tí ó fi ká a mọ́ inú oko àna rẹ̀, ó ti mọ̀ pé ìtàn ní ìbẹ̀rẹ̀, pé ó ní ìkóríta, pé ó sì ní òpin. Ẹ dánu dúró lágbedeméjì, kí ẹ bi í pé, "Kí ni o rò pé yóò ṣẹlẹ̀?" Ẹni tí ó bá ti mọ ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí ti di òǹkàwé kí ó tó rí ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó mọ àbídí. Ẹ gé páálí ọṣẹ tàbí ti mílíìkì, kí ẹ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i gàdàgbà. Ẹ máa pe ìró rẹ̀, ẹ má kàn kọ ọ́ lórin láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí orin nìkan kò fi hàn pé ojú mọ̀ ọ́n. Ẹ tú páálí náà ká, kí ẹ ní, "Wá b fún mi, wá gb." Àwọn ọmọ tí ń lọ sí ilé kéwú ti mọ irú ẹ̀kọ́ yìí lórí wàláà, lẹ́tà ni wọ́n ń mọ̀ kí wọ́n tó so ó pọ̀.

Bí owó ìwé kò bá sí, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ìwé. Ẹ ra ìwé àjákọ kan. Kí ọmọ sọ ìtàn tirẹ̀, bóyá bí òjò ti pa á bọ̀ láti Tudun Wada, tàbí bí ewúrẹ́ ti jẹ ẹ̀fọ́ ìyá rẹ̀ ní Kakuri. Kí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, ní gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí ọmọ ya àwòrán sí i, kí ó sì kà á padà. Kò sí ọmọ tí kò ní fẹ́ ka ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ó ka ohun tí ó yí i ká pẹ̀lú: orúkọ tí ó wà lára agolo, pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Napep, ìwé ìkéde àríyá, ọ̀rọ̀ tí màmá àgbà fi ránṣẹ́ sórí fóònù.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan nípa ẹnu wa. Bí ọmọ bá ń kàwé tí ó kọsẹ̀, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tún un gbìyànjú. Ẹ má ṣe pè é ní olódo. Ọmọ tí a bá nà nítorí ìwé yóò máa rántí ẹgba nígbàkúgbà tí ó bá rí ìwé. Bí ó bá sì ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tàbí tí omi ń jáde lójú rẹ̀ bí ó bá ń kàwé, ẹ má ṣe pe èyí ní ọ̀lẹ. National Eye Centre, ilé ìwòsàn ojú ti ìjọba àpapọ̀, wà ní ìlú yìí. Ẹ gbé e lọ.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ kò mọ̀wé, ẹ má ṣe jókòó sẹ́yìn. Ìyá mi ti fi hàn wá pé ojú tí ń ṣọ́ ọmọ ju ìwé ẹ̀rí lọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ wo ibi tí ojú rẹ̀ wà. Ẹ ní kí ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ tí ó ń kà. Bí ó bá parí, ẹ ní kí ó sọ ohun tí ó kà fún yín ní Yorùbá. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tí ì kà á.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ ní agbára tí ilé kan ṣoṣo kò ní. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ nínú ìpàdé oṣooṣù yín, kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ka ojú ìwé kan sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́, kí a sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní àpótí ìwé kan. Kí ó máa lọ láti ilé dé ilé ní oṣooṣù, kí akọ̀wé sì ní àkọsílẹ̀ ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí a ti ń ṣe sí àga àti ìkòkò ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ilé lè bá wa ra Aláwíyé bọ̀ láti Ìlọrin tàbí Ìbàdàn.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ àríyá. Bí a bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àgbà, a ń pín ike, a ń pín tówẹ́ẹ̀lì, a ń pín abọ́. N kò ní kí a má ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwé ìtàn àti ìwé àjákọ kún ohun tí a ń pín fún àwọn ọmọdé tí ó wá síbẹ̀, a kò ní ná ju bí a ti ń ná lọ, ẹ̀bùn náà yóò sì pẹ́ ju ike lọ.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn àgùnbánirọ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá máa ń wá sìn ní ìpínlẹ̀ yìí, àwọn ọmọ wa sì wà ní Kaduna Polytechnic. Ẹ wá wọn kàn. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ jọ ní ọ̀sán Sátidé, nínú gbọ̀ngán ẹgbẹ́, ní ọgbà mọ́sálásí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, láìbi ọmọ kankan léèrè ẹ̀sìn rẹ̀.

Ìparí ọ̀rọ̀

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ mi já sí. Ìyá mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún ọjọ́ tí ó fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa. Òun ń pa àlọ́, èmi ń kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ, ọmọ ń kà á. Páálí àbídí wà lára ògiri. Kò yá bí a ti rò. Ó gbà wá ní oṣù mẹ́jọ kí ó tó lè ka ojú ìwé kan láìdúró. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn, bí ọmọ ẹran ti ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi tún padà wá ní ọdún kejì, ọmọ náà gbé ìwé àjákọ jáde, ó ka àlọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pa fún un. Ìyá mi gbọ́ ọ títí, ó sì ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjàpá kò gba ọ̀nà odò lọ." Ọmọ náà wo inú ìwé, ó fi ìka sí i, ó ní, "Màmá, odò ni wọ́n kọ síbí." Ìyá mi ní ká fà á lé òun lọ́wọ́. Ó wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ó lè kà á. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dára. Bí o bá ti rí i níbẹ̀, a jẹ́ pé èmi ni mo gbàgbé."

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti kọ́ ilé sí Kàdúná, a sì ń kọ́ ọ sí ìlú baba wa. Kí a kọ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ òní. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì wo ibi tí ojú rẹ̀ wà.